Koríko Orí Ààlà: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gé E?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún pínpín, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ koríko ni: koríko tí ó hù sí orí ààlà, láàrin ilé ẹni àti ilé aládùúgbò ẹni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ní àwọn àdúgbò tuntun tí ó yí àwọn ìlú wa ká, bí Ìkòròdú, Sàngó-Ọ̀tà tàbí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, yóò jẹ́rìí sí i pé koríko yìí ti sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. A ti rí àwọn tí wọ́n jọ ń kírun nínú sáfù kan náà ní mọ́sáláṣí, tí wọn kì í kí ara wọn mọ́ bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé, nítorí ìgbésẹ̀ méjì ilẹ̀ tí koríko bò.

Èrò wa lórí ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Gígé koríko kọjá ààlà, oore ni. Gbígbé ààlà kọjá ibi tí ó wà, olè ni. Ohun méjì yìí ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ẹni tí ó ṣe oore fi ń jẹ èébú olè, tí olè náà sì ń rí oore fi bojú. Bí a bá lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kí àdá tó kan koríko, púpọ̀ nínú ìjà wọ̀nyí kò ní í bẹ̀rẹ̀ rárá.

BÍ ÌJÀ NÁÀ ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé Lágbájá àti Tàmẹ̀dò ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lágbájá ti kọ́lé, ó sì ti kó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ. Tàmẹ̀dò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni. Kò sí odi láàrin wọn. Àwọn òkúta ààlà tí awọnlẹ̀ rì mọ́ igun ilẹ̀, èyí tí à ń pè ní bíkìn, ti wọ inú erùpẹ̀ lọ, igbó sì ti bo àwọn tí ó kù. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, koríko gbé orí sókè. Lágbájá mú àdá, ó ṣán iwájú ilé rẹ̀, ó ṣán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì dé ibi tí ó rò pé ààlà wà, ó tún ṣán ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i nítorí ejò. Ní ọjọ́ kejì, Tàmẹ̀dò wá wo ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì rí ibi tí a ṣán. Kò sọ pé, "Ẹ ṣeun." Ohun tí ó sọ ni pé, "Ta ni ó ní kí ẹ dé orí ilẹ̀ mi?" Lágbájá, tí ó ti ń retí ìdúpẹ́, fi ìbínú dáhùn pé, "Ta ni ó tilẹ̀ sọ fún yín pé ilẹ̀ yín dé ibí?"

Ẹ kíyè sí ìdáhùn yìí, nítorí òun gan-an ni ó ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí Lágbájá ń ṣán igbó, kò ní i lọ́kàn láti gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ejò ni ó ń sá fún. Ìbínú ni ó sọ ọ́ di onílẹ̀ ọ̀sán gangan. Láti ọjọ́ náà lọ, Tàmẹ̀dò yóò máa sọ káàkiri pé, "Ṣé ẹ rí i? Mo mọ̀ pé kì í ṣe koríko ni ó ń gé." Lágbájá náà kò sì ní í lè fà sẹ́yìn mọ́ kí ojú má tì í.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀RÙ FI Ń BÀ WÁ

Ẹni tí kò mọ ìtàn lè sọ pé aláìmoore ni Tàmẹ̀dò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ń bà á ní ìdí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣíṣán igbó ni ìbẹ̀rẹ̀ níní ilẹ̀ láti ayébáyé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi àdá kan igbó kìjikìji, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń jogún ibẹ̀. Ilé-ẹjọ́ pàápàá kò fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàrin Idundun àti Okumagba, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni ó ni ilẹ̀. Èkínní ni ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀. Èkejì ni ìwé ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni lílo ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀kẹrin ni wíwà lórí rẹ̀ pẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni níní ilẹ̀ tí ó fara kàn án, tí ọ̀rọ̀ sì rí bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ni méjèèjì wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀nà mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn yìí yóò mọ ohun tí Tàmẹ̀dò ń rò nígbà tí ó rí i pé aládùúgbò òun ń ṣán ilẹ̀ òun lọ́dọọdún.

Ilẹ̀ tí à ń sọ náà kò sì kéré tó bí a ti ń rò ó. Ní Èkó, pílọ́ọ̀tì kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Bí ààlà bá yẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo láti iwájú dé ẹ̀yìn, ohun tí ó bá a lọ tó yàrá kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 10. Nítorí náà, ẹni tí ó ń pariwo lórí ẹsẹ̀ bàtà kan, yàrá kan ni ó ń pariwo lé lórí. Kí a má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí a má sì sọ pé ahun ni.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n fún wa ní àṣà yìí ti ṣe àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí a bá fún ní ilẹ̀ dáko máa ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Iye tí ó ń san kọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé bí ó ti ń san án, ó ń jẹ́wọ́ níwájú ayé pé onílẹ̀ ń bẹ, òun sì kọ́ ni. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó níbẹ̀, àyè tí a fún un ni ó fi wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a óò mú níbẹ̀ nìyí: iṣẹ́ tí a bá fi àyè ṣe kì í sọ òṣìṣẹ́ di onílẹ̀. Bí Lágbájá bá ti gba àyè kí ó tó gé koríko, tí àyè náà sì hàn sí ẹlẹ́rìí, ẹ̀rù Tàmẹ̀dò ti tán, oore Lágbájá sì ti di oore tòótọ́.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA SỌ NÍPA ÀÀLÀ

Ẹ̀sìn wa kò fi ojú kékeré wo ààlà. Nínú hádíìsì tí Ali (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà wá, èyí tí ó wà nínú àkójọ Muslim, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ẹni tí ó bá yí àmì ààlà ilẹ̀ padà mọ́ àwọn ẹni ègún. Nítorí náà, ẹni tí ó hú òkúta ààlà lóru, tàbí tí ó fa pérégún tu níbi tí àwọn àgbà gbìn ín sí tí ó sì tún un gbìn sí iwájú, kí ó má ṣe rò pé ọgbọ́n ni òun gbọ́n. Òfin ìjọba náà ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Bukhari àti Muslim sì jọ gba ìkìlọ̀ mìíràn wá, pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tí kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan tí a là sílẹ̀ lọ, a óò fi í kọ́ ọ lọ́rùn ní Ọjọ́ Àjíǹde títí dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ méjèèje. Sàhábà tí ó gba ọ̀rọ̀ yìí wá, Sa'id ọmọ Zayd, ìjà ààlà ni ó mú kí ó sọ ọ́. Obìnrin kan tí à ń pè ní Arwa fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Marwan, aláṣẹ Mẹ̀dínà, pé ó gbà lára ilẹ̀ òun. Sa'id kì í ṣe ẹni kékeré. Ó wà lára àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ìdùnnú Àlìjánnà. Ó dáhùn pé báwo ni òun yóò ṣe gba ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí òun ti fi etí òun gbọ́ ìkìlọ̀ Ànábì? Lẹ́yìn èyí, ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, ó sì fi ẹjọ́ rẹ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́ bí ó bá jẹ́ òpùrọ́. Muslim gbà á wá pé obìnrin náà fọ́jú, àti pé inú kòtò kan lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ṣubú sí tí ó sì kú.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí mú apá méjì dání. Apá kan ni pé ènìyàn iyì lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí iyì rẹ̀ má sì dín kù. Apá kejì, tí a kì í sábà sọ, ni pé ẹni tí ó pe aládùúgbò rẹ̀ ní olè ilẹ̀ láìsí ẹ̀rí ti gbé ẹrù wúwo rù ara rẹ̀. Kí Tàmẹ̀dò tó sọ pé "ó fẹ́ gba ilẹ̀ mi" nítorí koríko tí a gé, kí ó kọ́kọ́ rántí Arwa.

Ní ti gígé koríko náà, Ànábì wa ti kọ́ wa pé mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Kí ni ohun ìpalára bí kì í bá ṣe igbó tí paramọ́lẹ̀ ń gbé, tí ẹ̀fọn ń sá pamọ́ sí, tí olè sì ń ba sí lóru? Ẹni tí ó bá gé e nítorí Ọlọ́hun ń ṣe sàdákà. Ó kàn yẹ kí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni, kí ó má gba ojú fèrèsé.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Aládùúgbò tèmi kì í ṣe Mùsùlùmí." Súrà Nísáì, ní ẹsẹ̀ 36, dárúkọ aládùúgbò tí ó sún mọ́ni àti èyí tí ó jìnnà. Nígbà tí Abdullah ọmọ Amr pa àgùntàn, ó bi àwọn ará ilé rẹ̀ bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò wọn nínú rẹ̀, Júù sì ni aládùúgbò náà. Ẹ̀tọ́ àdúgbò kò béèrè ibi tí ènìyàn ti ń jọ́sìn.

ẸNI TÍ Ó FI ILẸ̀ SÍLẸ̀ FÚN IGBÓ

A ti dá ẹni tí ó gé koríko lẹ́jọ́ tó. Ó tọ́ kí a yíjú sí ẹni tí kò gé e. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni ó wà ní àdúgbò wa tí onílẹ̀ wọn ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tàbí tí ó wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú wa ṣùgbọ́n tí ó ń dúró de owó bulọ́ọ̀kù. Ó ra ilẹ̀, ó rì bíkìn, ó sì lọ. Ọdún mẹ́wàá kọjá. Akíntọ́lá àti bẹ́ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀. Ìdọ̀tí tí ará àdúgbò ń dà síbẹ̀ lóru di òkìtì. Bí ọyẹ́ bá dé, koríko gbẹ, iná sìgá kan ṣoṣo sì tó láti jó o dé ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni koríko orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ni ìpalára tí ó bá ti ibẹ̀ wá wà. Kò lè sọ pé, "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀ mi," kí òun náà má sì fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá lè wá, kí ó rán owó alágbàṣe sílé lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lásìkò òjò. Bí èyí bá ṣòro, kí ó kọ ìwé kí aládùúgbò bá a tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n wà lókè òkun, tí wọ́n mọ̀ pé ìjọba ìlú tí wọ́n ń gbé kì í fi ojú fo koríko tí ó kún iwájú ilé, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa fi ilẹ̀ yín dẹ́rù ba ọmọdé nílé.

Ìgbà kan wà tí wọlé-wọlé ń bá wa ṣe é. Láti àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba sọ ọjọ́ Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù di ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, gbogbo ilé sì ń jáde pẹ̀lú àdá àti ìgbálẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá a dúró lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu láti sé àwọn ènìyàn mọ́lé nítorí rẹ̀. Bí ìjọba bá fi ipá mú wa tàbí kò fi ipá mú wa, ìmọ́tótó kò yẹ kí ó jẹ́ ohun tí Mùsùlùmí ń dúró de àṣẹ kí ó tó ṣe.

OÒGÙN KORÍKO, INÁ ÀTI ÀÀLÈ

Ohun mẹ́ta kan wà tí ó yẹ kí a yẹra fún lórí ààlà. Èkínní ni oògùn apakoríko. Ó rọrùn, ó sì dín iṣẹ́ àdá kù, ṣùgbọ́n irú èyí tí ó ní glyphosate nínú kò mọ ìyàtọ̀ láàrin èpò àti ẹ̀fọ́. Ewé tútù tí ó bá kàn ni ó ń pa, afẹ́fẹ́ kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ààlà wà. Ìyá tí ó gbin ewédú àti ilá sí ẹ̀yìn ilé lè jí ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kí ó bá gbogbo rẹ̀ ní pípọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, gbòǹgbò koríko ni ó di ilẹ̀ mú. Ibi tí a bá sọ di aṣálẹ̀ lórí ààlà, ọ̀gbàrá yóò gbé erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, òkúta ààlà náà yóò sì wó. Kí a gé koríko mọ́lẹ̀, kí a fi gbòǹgbò sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ lo oògùn dandan, kí a sọ fún aládùúgbò ṣáájú, kí a sì jìnnà sí ohun ọ̀gbìn rẹ̀.

Èkejì ni iná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná sun koríko lórí ààlà nígbà ọyẹ́, àfi bí ó bá ṣetán láti san gbogbo ohun tí ó bá jó.

Ẹ̀kẹta ni ààlè. Ó jẹ́ ohun ìtìjú pé a ṣì ń rí Mùsùlùmí tí ó ń so àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ igi lórí ààlà rẹ̀ kí àyà lè máa já ẹni tí ó fẹ́ kọjá. Ẹni tí ó bá gbà pé Ọlọ́hun nìkan ni ó ń ṣọ́ òun, kí ni ó ń wá lọ́dọ̀ ìkarahun? Bákan náà ni ẹni tí ó lọ bá àáfà kan kí ó fi hántú dè aládùúgbò lọ́wọ́. Orúkọ ni ó yàtọ̀. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a mọ ààlà. Ìwé ìwọnlẹ̀ tí à ń pè ní sọ́fè kì í ṣe ohun tí a ń kó sínú àpótí títí a óò fi kú. Kí onílẹ̀ méjèèjì mú tiwọn jáde, kí wọ́n jọ pe awọnlẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí wọ́n jọ san owó rẹ̀, kí wọ́n sì jọ dúró nígbà tí ó bá ń wá àwọn òkúta ààlà. Nọ́ńbà tí ó wà lára òkúta yẹ kí ó bá èyí tí ó wà nínú ìwé mu. Bí ẹnì kan bá dá pe awọnlẹ̀ tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹnì kejì yóò pe tirẹ̀, ìjà yóò sì di ti awọnlẹ̀ méjì.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí a sọ̀rọ̀ kí a tó mú àdá. Ẹni tí ó kéré ni ó yẹ kí ó lọ kí ẹni tí ó dàgbà. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kọ́ ni à ń sọ, kí ó ṣáà fi ohùn ọ̀wọ̀ sọ pé, "Bàbá, koríko ti ga ní ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n bá yín gé e nígbà tí mo bá ń gé tèmi?" Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì lè gba ọdún márùn-ún ní kóòtù lọ́wọ́ ẹni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Súrà Bákárà, ní ẹsẹ̀ 282, pa á láṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí méjì. Bí owó bá yẹ ní ẹni tí a ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ yẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé náà kò ní láti gùn. Ó tó kí ó kà báyìí pé: "Èmi Lágbájá ń gé koríko ilẹ̀ Tàmẹ̀dò tí ó wà lápá ọ̀tún ilé mi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. N kò ní ilẹ̀ náà, n kò sì ní í tìtorí koríko tí mo ń gé sọ pé mo ni ín." Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí olúkúlùkù sì mú ẹ̀dà kan. Èyí ni ìṣákọ́lẹ̀ ti òde òní. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rù.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí a pín iṣẹ́ náà. Bí àwọn méjèèjì bá ti ń gbé ibẹ̀, kí ẹnì kan gé gbogbo ààlà ní oṣù yìí, kí èkejì gé e ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ agékoríko kò yẹ kí ó máa pa ẹ̀rọ rẹ̀ ní àfojúdá ìlà bí ẹni tí ń wọn aṣọ. Kí ó gé e kọjá díẹ̀, kí aládùúgbò náà fi epo díẹ̀ sí i lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, kí a wá onílàjà kí a tó wá lọ́yà. Ẹgbẹ́ àwọn onílé wà, baálẹ̀ wà, àwọn àgbà mọ́sáláṣí wà. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba dá ilé ìlàjà kan tí à ń pè ní Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ ní ọdún 1999, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú ẹjọ́ wá síbẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá borí ní kóòtù yóò padà wá gbé ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó borí.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí mo bá gbà fún un lónìí, ọ̀la ni yóò gba gbogbo rẹ̀." Ìdáhùn wa ni pé a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀ rẹ̀ ta ọrẹ fún alágbára. Ẹni tí ó bá hú òkúta ààlà, tí ó mọ odi wọ ilẹ̀ ẹni, tí ó sì kọ gbogbo ìlàjà, ilé-ẹjọ́ wà fún irú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a gbé e lọ síbẹ̀. Dídá alábòsí dúró pàápàá, ríràn án lọ́wọ́ ni. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má ṣe fi ìbínú tí ó yẹ ẹni tí ó gbé ààlà pàdé ẹni tí ó gbé àdá.

Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́, Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN YÍN

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ni àdá wà lọ́wọ́ yín. Bàbá kì í sábà ṣán igbó fúnra rẹ̀; ọmọ ni ó ń rán. Bí ìjà bá sì dé, ọmọ ni a tún ń rán. Àdá tí a fi gé koríko ní òwúrọ̀ lè di ohun ìjà kí ó tó di àkókò ìrun Àsìrì. Ìwọ ọ̀dọ́ tí a bá rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, dúró ná. Sọ fún bàbá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ mú sọ́fè jáde. Ìgbọràn sí òbí kò dé ibi pé kí a ṣe àbòsí sí aládùúgbò.

Ẹ tún rántí pé ẹ̀yin ni ẹ óò jogún ilẹ̀ náà, ẹ ó sì jogún ìjà tí ó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn tí wọ́n mọ ibi tí òkúta wà bá ti kú tán, ọ̀rọ̀ ààlà yóò di "bàbá mi sọ fún mi" àti "bàbá tèmi náà sọ fún mi". Ẹ béèrè nísinsìnyí tí wọ́n wà láàyè. Ẹ rìn yí ilẹ̀ yín ká pẹ̀lú wọn, ẹ wo òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àwọn ọmọ aládùúgbò náà sì wà níbẹ̀. Bí opó kan tàbí arúgbó kan bá wà ní àdúgbò yín tí koríko ti bo ilẹ̀ rẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá a pààlà, kí ẹ lọ bá wọn gé e lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù. Ẹ má ṣe gba owó, ẹ má sì ṣe sún òkúta.

Koríko yóò tún hù lẹ́yìn òjò kan. Aládùúgbò tí a bá fi ìjà pàdánù kì í hù padà bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa fi ìfẹ́ sáàrin àwa àti àwọn tí a bá pààlà, kí Ó má sì ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ẹlòmíràn rọ̀ mọ́ wa lọ́rùn lọ́jọ́ tí a óò dúró níwájú Rẹ̀. Àmín.